Ó Yẹ Kí N Rù

Nọ́ọ̀sì tú ọ̀já ẹ̀rọ kúrò lápá mi,
ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní,
ó sì yẹ kí n rù.
Òyìnbó ló fi sọ ọ́.
Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ.

Kí n rù kẹ̀?
Kí ló kù tí mi ò tíì rù?
Mo ru arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga
lóru, nílé ìtọ́jú tó wà létí odò;
mo ru ẹrù ọjà gun bọ́ọ̀sì méjì;
mo ru owó ilé, mo ru owó iná,
owó ilé-ìwé àbúrò mi ní Ìkìrun.
Bí rírù bá ń sọni di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
afẹ́fẹ́ Wínípẹ́ẹ̀gì ì bá ti gbé mi lọ.

Ó fún mi níwèé pélébé kan.
Ẹja sámọ́ọ̀nù ló wà lójú ìwé náà,
èso tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀,
àti obìnrin kan nínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára,
tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Mo yà nílé eré ìdárayá ní òpópónà Ṣájẹ́ǹtì.
Àádọ́ta dọ́là lóṣù.
Mo dúpẹ́, mo jáde.
Àádọ́ta dọ́là, bàtà yìnyín Mofìyìn nìyẹn,
ẹsẹ̀ ọmọ kì í sì í dúró de owó oṣù.

Lóṣù kọkànlá, lífítì ilé wa kú.
Àjà kẹjọ là ń gbé.
Lọ́jọ́ kìíní mo ṣépè fún onílé.
Lọ́jọ́ kejì mo dákẹ́: èémí tó wà nílẹ̀ ò tó fún èpè.
Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà.
Àńjọlá ló kà á; ó fi Yorùbá kà á dé ogún,
ó fi òyìnbó parí ìyókù,
èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí àgbò tó sáré lóòrùn.

Wọ́n tún lífítì ṣe nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésì dé.
Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń dán,
mo wo bọ́tìnnì, bọ́tìnnì wò mí.
Ṣùgbọ́n Mofìyìn ti dé àjà kejì, ó ń pariwo
pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò fọ abọ́.
Ṣé èmi tí mo ti ń fọ abọ́ láti àárọ̀ ayé mi?
Mo ká kóòtù mi sókè, mo fò tẹ̀lé e.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà ò ṣẹ̀ wá rí.
Àpò kan lọ́dọ̀ ará Íńdíà, dọ́là mẹ́rìnlá, ó tó oṣù kan.
Lígáyà ará àjà karùn-ún máa ń kan ilẹ̀kùn
tí kábéèjì bá ti wálẹ̀ lọ́jà; a ó ra mẹ́rin, a ó pín in.
Mo dín epo kù. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.
Mo bu Mágí sí méjì, mo fi ìdajì pamọ́;
lálẹ́ ọjọ́ kejì mo tún wá ìdajì náà lọ.
Dónọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé wá síbi iṣẹ́ lóru ọjọ́ ìbí ọ̀gá,
ẹ má bi mí ní iye tí mo jẹ.

Lóṣù kẹta, nọ́ọ̀sì tún wé ọ̀já mọ́ mi lápá.
Yìnyín ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀.
Ó ní, ó ti wálẹ̀ díẹ̀.
Díẹ̀.
Mo gbé díẹ̀ náà jáde bí ẹni gbé ẹyin,
mo ra ẹ̀wà lọ́nà, mo gbé e dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Mofìyìn dúró níbẹ̀, àpò ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ó wo àpò ẹ̀wà, ó wo ojú mi.
"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú."

Yorùbá ló fi sọ ọ́.